Ta Ló Ń San Gbèsè Iná Kalifóníà Láti 2001 Títí Di Òní?

Lóṣù kẹsàn-án ọdún 2025, Gavin Newsom tó jẹ́ gómìnà Kalifóníà fọwọ́ sí òfin kan tí wọ́n ń pè ní SB 254. Òfin yẹn ní kí wọ́n tún wá $18 bílíọ̀nù kún àpò owó tí wọ́n fi ń san gbà-má-bínú nígbà tí wáyà àwọn kọ́ńpìnnì iná bá dá iná ìgbẹ́ sílẹ̀ tó sì jó ilé onílé. Àwọn tó ni ṣíà nínú kọ́ńpìnnì ló máa mú ìdajì wá, inú bíìlì aráàlú ni ìdajì yòókù ti máa jáde, wọ́n á sì máa san án títí di 2045. Àwọn èèyàn ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀ bíi pé ọ̀rọ̀ iná ìgbẹ́ nìkan ni. Àmọ́ owó tí wọ́n ń yọ lórí bíìlì yẹn, kì í ṣe tìtorí iná ìgbẹ́ ni wọ́n ṣe kọ́kọ́ dá a sílẹ̀, tìtorí gbèsè wàhálà iná ọdún 2000 sí 2001 ni, ìgbà tí kọ́ńpìnnì iná tó tóbi jù ní ìpínlẹ̀ náà dẹnu kọlẹ̀. Téèyàn ò bá mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀, kò lè yé e ìdí tí owó iná Kalifóníà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ohun tí àwọn ará Amẹ́ríkà yòókù ń san.

Ọdún 1996 ni ilé aṣòfin Kalifóníà ṣe òfin AB 1890, ẹnì kan ṣoṣo ò dìbò ta kò ó, gómìnà Pete Wilson sì fọwọ́ sí i. Ṣáájú ìgbà yẹn, kọ́ńpìnnì kan náà ló ń ṣe iná, òun ló ń gbé e gba orí wáyà, òun náà ló ń tà á fún aráàlú, ìjọba á wá sọ iye tó lè gbà. Àwọn aṣòfin wò ó pé tí wọ́n bá tú ọjà yẹn sílẹ̀, tí ọ̀pọ̀ èèyàn bá ń bá ara wọn figagbága, owó iná á wálẹ̀. Torí náà wọ́n ní kí àwọn kọ́ńpìnnì ńlá mẹ́ta tó wà ńbẹ̀, Pacific Gas and Electric tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí PG&E, Southern California Edison àti San Diego Gas & Electric, ta ọ̀pọ̀ nínú ilé-iṣẹ́ amúnáwá wọn, àwọn kọ́ńpìnnì láti ìpínlẹ̀ mìíràn ló sì rà wọ́n. Iná tí wọ́n bá fẹ́ tà fún aráàlú, kí wọ́n máa lọ rà á lójoojúmọ́ ní ọjà tuntun kan tí wọ́n ń pè ní Power Exchange, ní iye tí ọjà bá ń lọ lọ́jọ́ yẹn, àdéhùn ọlọ́dún gbọọrọ pẹ̀lú ẹni tó ń ṣe iná ò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí fún wọn. Bẹ́ẹ̀ ìye tí aráàlú máa san, wọ́n dín in kù ní ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún fún àwọn ilé àti ìsọ̀ kékeré, wọ́n wá tì í pa síbẹ̀.

Ibi tí mo rò pé gbogbo ẹ̀ ti bàjẹ́ gan-an nìyẹn. Wọ́n tú owó sílẹ̀ lápá ibi tí kọ́ńpìnnì ti ń rà, wọ́n dè é mọ́lẹ̀ lápá ibi tó ti ń tà. Alájàpá tí wọ́n bá sọ fún pé iye yòówù kí ọjà wọ́n tó lóko, iye báyìí ló gbọ́dọ̀ tà á nílé, owó ìdókòwò ẹ̀ á tán ṣáá ni, ọjọ́ tó máa tán nìkan ni kò tíì mọ̀.

Ọjà náà ṣí lọ́dún 1998, nǹkan sì ń lọ dáadáa fún bí ọdún méjì, torí iná pọ̀ nílẹ̀. Ọdún 2000 ni gbogbo nǹkan yíwọ́. Ọ̀dá òjò mú ní apá Washington àti Oregon, omi tó ń yí ẹ̀rọ ní àwọn dáàmù ibẹ̀ fà, bẹ́ẹ̀ ọ̀dọ̀ wọn ni Kalifóníà ti máa ń ra iná nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ooru mú, àwọn èèyàn ń lo ẹ̀rọ amúlétutù. Owó gáàsì gbówó lórí, lóṣù kẹjọ ọdún yẹn páìpù gáàsì El Paso kan bú gbàmù nítòsí Carlsbad ní New Mexico, èèyàn 12 ló kú, gáàsì tó ń gba ọ̀nà yẹn lọ sí Kalifóníà sì dínkù. Láàárín gbogbo ọdún 1990 wọn ò kọ́ ilé-iṣẹ́ amúnáwá tuntun tó bó ṣe yẹ, èèyàn sì ń pọ̀ sí i. Megawatt-hour kan, ìyẹn yúníìtì ẹgbẹ̀rún kan, tó jẹ́ nǹkan bíi $30 lọ́dún 1999 kọjá $300 ní December 2000. Tí a bá fi yúníìtì kọ̀ọ̀kan ṣírò ẹ̀, ohun tí PG&E ń rà ní sẹ́ǹtì mẹ́ta tẹ́lẹ̀ ti di ohun tó ń rà ní ohun tó ju sẹ́ǹtì ọgbọ̀n lọ, nígbà tí owó tó lè gbà lọ́wọ́ aráàlú fún iná náà gan-an, láìka owó wáyà, kò ju nǹkan bíi sẹ́ǹtì mẹ́fà lọ.

Ìlú San Diego ló kọ́kọ́ jẹ iyán ẹ̀ níṣu. Kọ́ńpìnnì tiwọn ti san àwọn gbèsè tó ní nílẹ̀ kí wọ́n tó tú ọjà sílẹ̀ tán lọ́dún 1999, torí ẹ̀ òfin ti tú owó iná wọn sílẹ̀. Nígbà tí owó ọjà ń lọ sókè ní 2000, tààrà báyìí ló wọlé sórí bíìlì wọn, láàárín oṣù mélòó kan bíìlì ti di ìlọ́po méjì, ti àwọn kan di ìlọ́po mẹ́ta. Àwọn arúgbó tó jẹ́ owó ìfẹ̀yìntì ni wọ́n fi ń jẹun, àwọn tó ní ilé oúnjẹ tí fìríìjì wọn ò gbọdọ̀ kú, gbogbo wọn figbe ta. Lóṣù September ilé aṣòfin sáré ṣe òfin pé kí owó iná wọn má kọjá sẹ́ǹtì 6.5 fún yúníìtì kan. Ẹ máa kíyè sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀ sí ìyókù owó náà o: wọn ò fagi lé e, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ nínú ìwé kọ́ńpìnnì gẹ́gẹ́ bíi gbèsè tí aráàlú ṣì máa san tó bá yá.

Ọ̀rọ̀ màgòmágó náà wà ńbẹ̀, mi ò sì fẹ́ fò ó, torí títí di òní àwọn kan ṣì ń sọ pé ojú ọjọ́ nìkan ló fà á. Àwọn ọlọ́jà iná, Enron ló lókìkí jù nínú wọn, rí àwọn ihò tó wà nínú òfin ọjà náà wọ́n sì gba ibẹ̀ wọlé. Wọ́n tiẹ̀ sọ ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ wọn lórúkọ, Fat Boy, Death Star, Ricochet, Get Shorty. Èyí tó ń jẹ́ Ricochet yẹn, wọ́n á ra iná ní Kalifóníà níbi tí ìjọba ti sọ iye tó gbọ́dọ̀ mọ, wọ́n á fi ìwé gbé e jáde lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn, wọ́n á tún gbé e wọlé padà bíi iná tó ti òkèèrè wá, torí pé èyí tó ti òkèèrè wá ò sí lábẹ́ iye yẹn. Iná kan náà ni o. Ti Death Star, owó ni wọ́n ń gbà pé àwọn ń dín ẹrù kù lórí wáyà, nígbà tí kò sí iná kankan tí wọ́n gbé kúrò níbì kan. Ọdún 2002 ni àwọn ìwé tó tú àṣírí yìí jáde, ọ̀gá àwọn tó ń ta iná fún Enron ní apá ìwọ̀ oòrùn, Timothy Belden, sì gbà ní kóòtù lọ́dún yẹn pé òun jẹ̀bi. Lẹ́yìn ẹ̀ ni ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lórí fóònù tún jáde, níbi tí òṣìṣẹ́ Enron kan ti ń bá ẹni tó ń ṣàkóso ilé-iṣẹ́ amúnáwá kan ní Las Vegas sọ̀rọ̀ ní January 2001 pé kó wá nǹkan sọ, kó pa ẹ̀rọ náà. Ní ọjọ́ tó tẹ̀lé e, ọ̀pọ̀ èèyàn ní àríwá Kalifóníà ló wà nínú òkùnkùn.

Ọ̀nà kan wà tí wọ́n ń gbà mú iná lọ nígbà yẹn. Àjọ tó ń bójú tó wáyà ńlá ìpínlẹ̀ náà, ISO, máa ń kéde ìpele mẹ́ta. Tí iná tó kù nílẹ̀ lẹ́yìn èyí táwọn èèyàn ń lò bá ti wálẹ̀ sí ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún, ìpele kìíní, tó bá di 5, ìkejì, tó bá wá ku 1.5, ìkẹta, ìyẹn ni pé wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ sí í pa iná ládùúgbò kan tẹ̀lé òmíràn. Lórí bíìlì PG&E, nọ́ńbà kékeré kan wà tó ń sọ ìsọ̀rí tí ilé rẹ wà. Kó tó di ìgbà yẹn ta ló ń wo nọ́ńbà yẹn? Àmọ́ tí rédíò bá ti ní ìsọ̀rí báyìí ló kàn, onílé á lọ wá bíìlì ẹ̀ jáde, tó bá rí i pé tòun ni, ó mọ̀ pé iná máa lọ fún bíi wákàtí kan sí wákàtí kan àbọ̀, kí wọ́n tó gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Wọn kì í pa ti àwọn ilé ìwòsàn àti panápaná. Ṣùgbọ́n àwọn iná tó ń darí ọkọ̀ ní oríta ń kú, èèyàn ń há sínú ẹ̀rọ agbéniròkè, ìsọ̀ tó ń fi ẹ̀rọ gba owó ò lè tajà. Ọjọ́ 17 oṣù January 2001 ni gómìnà Gray Davis kéde pé ìpínlẹ̀ wà nínú pàjáwìrì. Ní March 19 àti 20 òkùnkùn náà dé gúúsù, gbogbo ìpínlẹ̀ ló kàn lọ́tẹ̀ yìí.

March yẹn ló yẹ kí èèyàn wò dáadáa, torí ó fi hàn pé àìsanwó náà lè pa iná. Kì í ṣe ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé PG&E àti Edison ti yá owó títí wọn ò rí owó yá mọ́. Lóṣù January àwọn tó ń gbé òṣùwọ̀n lé agbára kọ́ńpìnnì láti san gbèsè já àwọn méjèèjì lulẹ̀ pátápátá, bí wọ́n ṣe ṣe bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó fẹ́ ta iná fún wọn láwìn mọ́. Kódà ìjọba àpapọ̀ ní láti pàṣẹ láti December pé dandan ni kí àwọn tó ní iná máa tà á fún Kalifóníà. Wọ́n wá dáwọ́ owó àwọn amúnáwá kékeré dúró, àwọn tó ń fi afẹ́fẹ́, ooru inú ilẹ̀ tàbí gáàsì ṣe iná, bẹ́ẹ̀ gbogbo wọn pa pọ̀, iná tí wọ́n ń mú wá kì í ṣe kékeré rárá. Oṣù mélòó kan ni wọ́n fi ń ṣe iná tí wọn ò rí kọ́bọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ wọn fẹ́ gbowó, àwọn tó ń ta gáàsì fún wọn náà ń béèrè owó. Ọ̀pọ̀ nínú wọn pa ẹ̀rọ, nǹkan bíi 3,000 megawatt kúrò nílẹ̀, àwọn kan sì gba kóòtù lọ kí wọ́n lè rí àyè ta iná wọn fún ẹlòmíràn. Iná tó ṣẹ́kù ò wá tó mọ́.

Ìpínlẹ̀ fúnra ẹ̀ ló wá di ẹni tó ń ra iná. Ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ omi, Department of Water Resources, tí kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú títa iná fún ilé èèyàn tẹ́lẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í na ohun tó máa ń tó $40 mílíọ̀nù tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́, látinú àpò kan náà tí wọ́n fi ń gbọ́ bùkátà ilé ẹ̀kọ́ àti ọ̀nà. Wọ́n tún wá jókòó bá àwọn amúnáwá ṣe àdéhùn ọlọ́dún gbọọrọ tó lé ní $40 bílíọ̀nù, nígbà tí ọjà wọ́n jù. Èmi ò dá Davis lẹ́bi tán lórí èyí, òkùnkùn ló ń sá fún, ṣùgbọ́n ẹni tó lọ ra ọjà ọdún mẹ́wàá lọ́jọ́ tí ọ̀wọ́n mú jù, kò sí bí kò ṣe ní sanwó ẹ̀ títí. Àjọ tó ń pinnu owó iná, CPUC, fi sẹ́ǹtì kan kún yúníìtì kan ní January, wọ́n tún fi sẹ́ǹtì mẹ́ta kún un lóṣù March. Ó ti pẹ́ jù. Ní April 6, 2001, PG&E lọ sí kóòtù pé òun ò lè san gbèsè mọ́, nǹkan bíi $9 bílíọ̀nù ló ní òun ti ná lórí iná tí òun ò rí gbà padà. Edison ò lọ sí kóòtù, wọ́n bá CPUC ṣe àdéhùn lóṣù October ọdún yẹn, èyí tó jẹ́ kí wọ́n fi owó aráàlú san gbèsè náà díẹ̀díẹ̀.

Nípa ọrọ̀ ajé, àwọn tó kọ́kọ́ jìyà ni àwọn iléeṣẹ́ tó ti gbà láti ọdún pípẹ́ pé kí wọ́n máa pa iná àwọn tí iná bá wọ́n, kí wọ́n lè máa san owó tó dínkù. Ọdún púpọ̀ kọjá tí ẹnikẹ́ni ò pè wọ́n, owó pọ́ọ́kú ni wọ́n ń san. Ìgbà òtútù 2000 sí 2001 dé, ìpè ń wọlé léraléra, ẹ̀rọ ń dúró láàárín iṣẹ́, òṣìṣẹ́ ń padà sílé láìrí owó ọjọ́ náà gbà, ẹni tí kò bá sì pa iná máa san owó ìtanràn tó gọbọi. Ọ̀gá Intel, Craig Barrett, sọ ní gbangba pé àwọn ò ní gbèrò láti fẹ iṣẹ́ sí i ní Silicon Valley. Ó sì kọjá ibodè, torí wáyà kan náà ló so gbogbo ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà pọ̀. Ibi ìwakùsà bàbà kan ní Butte, Montana, tì pa lọ́dún 2000 torí owó iná. Ní ìpínlẹ̀ Washington, àwọn tó ń yọ́ alumíníọ́mù rí i pé iná tí wọ́n rà lówó pọ́ọ́kú níye lórí ju alumíníọ́mù tí wọ́n ń fi í ṣe lọ, wọ́n pa ilé ìyọ́rin, wọ́n ń ta iná náà padà fún ọjà. Kaiser ní Mead, lẹ́bàá Spokane, wà lára wọn, òṣìṣẹ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ ńbẹ̀ láti ọ̀dọ́ wá rí i pé iṣẹ́ ò sí mọ́. Ní Kalifóníà fúnra ẹ̀, àwọn tó fojú bu gbogbo ohun tó bá a lọ pa pọ̀ sọ pé ó tó $40 bílíọ̀nù tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òótọ́ ni pé ìṣubú àwọn kọ́ńpìnnì íntánẹ́ẹ̀tì ṣẹlẹ̀ lọ́dún kan náà, torí ẹ̀ kò yẹ kéèyàn di gbogbo ẹrù ìṣòro ìṣúná ìpínlẹ̀ náà lé iná lórí, ṣùgbọ́n àwọn olùdìbò ò ya ìkan sọ́tọ̀ kúrò lára ìkejì, ní October 2003 wọ́n dìbò yọ Davis kúrò nípò, Arnold Schwarzenegger ló sì gbapò ẹ̀.

Los Angeles bọ́ nínú ẹ̀. Ìjọba ìlú ló ni kọ́ńpìnnì iná wọn, LADWP, wọn ò ta ilé-iṣẹ́ amúnáwá wọn, wọn ò bá wọn wọ inú ọjà tuntun náà, iná wọn ò kú nítorí wàhálà yìí, kódà wọ́n ní ìyókù tí wọ́n ń tà fún ìpínlẹ̀. Tí ẹ bá ń béèrè pé ṣé ojú ọjọ́ ló fà á tàbí òfin, ẹ wo ìlú yẹn, oòrùn kan náà ló ń pa wọ́n.

Ohun tó wá fòpin sí wàhálà náà ò pẹ́ láti sọ. Àwọn èèyàn dín iná tí wọ́n ń lò kù gan-an, ìjọba ní ẹni tó bá dín tiẹ̀ kù ní ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún á rí ìdá 20 yọ nínú bíìlì ẹ̀, ọ̀pọ̀ sì ṣe é. Ní June 2001 àjọ ìjọba àpapọ̀, FERC, tó ti ń kọ̀ láti ọjọ́ yìí, wá fi ààlà sí owó iná ní gbogbo ìwọ̀ oòrùn. Owó wálẹ̀. Enron náà dẹnu kọlẹ̀ ní December ọdún yẹn.

Owó wálẹ̀, ṣùgbọ́n gbèsè ò lọ. Ní 2002 ìpínlẹ̀ ta ìwé gbèsè tí wọ́n ń pè ní bond, iye ẹ̀ lé ní $11 bílíọ̀nù, láti fi dá owó iná tí wọ́n rà padà sí àpò. Wọ́n fi owó kékeré kan sórí yúníìtì kọ̀ọ̀kan lórí bíìlì gbogbo àwọn oníbàárà PG&E, Edison àti ti San Diego, owó yẹn ni wọ́n ń san títí di 2020. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí wọ́n mú iná lọ ti lè gba ilé tiẹ̀ kó sì máa san bíìlì ẹ̀ kí wọ́n tó san án tán. PG&E jáde ní kóòtù ní April 2004, àdéhùn tí wọ́n fi gbé e jáde sì fún un ní $2.21 bílíọ̀nù tí aráàlú á máa san díẹ̀díẹ̀ sínú owó iná. Wọ́n gba owó kan padà lọ́wọ́ àwọn tó rẹ́ wọn jẹ, El Paso, kọ́ńpìnnì páìpù gáàsì yẹn, nìkan gbà láti san ohun tó lé ní $1.5 bílíọ̀nù, àmọ́ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó ti lọ.

Ní November 8, 2018, ìkọ́ irin kan tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọgọ́rùn-ún ọdún já lórí òpó wáyà ńlá PG&E lápá àríwá. Wáyà tó gbé kọ́ já bọ́, iná ràn mọ́ ìgbẹ́, iná yẹn jó ìlú Paradise, èèyàn 85 kú. Oṣù January tó tẹ̀lé e ni PG&E tún padà sí kóòtù onígbèsè lẹ́ẹ̀kejì, ó ní owó tí òun lè jẹ àwọn èèyàn lórí iná ìgbẹ́ lè tó $30 bílíọ̀nù. Ní October 2019 wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ pa iná torí pé afẹ́fẹ́ le, ilé àti ìsọ̀ tó lé ní 700,000 ló wà nínú òkùnkùn lẹ́ẹ̀kan náà. Lọ́tẹ̀ yìí, iná wà nílẹ̀ yanturu, wáyà ni kò ṣeé fọkàn tán. Kọ́ńpìnnì gbà ní kóòtù lọ́dún 2020 pé àwọn jẹ̀bi ikú èèyàn 84 nínú àwọn tó kú nínú iná Paradise yẹn.

Bí wọ́n ṣe san gbèsè 2001 tán nìyẹn, ní October 2020 kan náà ni òfin AB 1054 gba owó tó wà lórí bíìlì yẹn, bó ṣe wà gẹ́lẹ́, ó sọ ọ́ di owó àpò iná ìgbẹ́. Aráàlú ò ráyè rí oṣù kan kí owó yẹn kúrò. Tẹ́lẹ̀ wọ́n ní títí di 2035 ni. January 2025 wá dé, iná Eaton jó Altadena, ilé àti ìsọ̀ tó lé ní 9,000 ló run, àwọn tó fara gbá fa ẹ̀sùn lé Edison lórí, ẹ̀rù sì ba àwọn èèyàn pé àpò náà lè gbẹ. Ibẹ̀ ni SB 254 ti wá.

Nǹkan kan wà nínú òfin tuntun yìí tí mo fara mọ́. Tí kọ́ńpìnnì iná bá na owó sórí wáyà, ìpínlẹ̀ máa ń jẹ́ kó gba èrè lé e lórí fún àwọn tó ni ṣíà, ọdún púpọ̀ ni aráàlú sì fi ń san èrè yẹn. SB 254 ní $6 bílíọ̀nù àkọ́kọ́ tí wọ́n bá ná láti dènà iná ìgbẹ́, èrè ò gbọdọ̀ wà lórí ẹ̀, kí wọ́n lọ yá owó náà ní èlé tó kéré. AB 1054 ti ṣe irú ẹ̀ fún $5 bílíọ̀nù. Lójú tèmi ó yẹ kó kọjá bẹ́ẹ̀, torí ìkọ́ tó já lórí òpó Paradise, owó àtiṣe é ti wà nínú bíìlì fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tó ń san án ò sí nínú àwọn tó pinnu pé kí wọ́n má tíì pààrọ̀ ẹ̀.